Ràhímù Ẹlẹ́wà àti Ológbò Tí Ikùn Rẹ̀ Ń Dán

Bí ẹ bá gba ọ̀nà àwọn ẹlẹ́ja wọ Ọjà Ńlá Warri, ẹ máa gbọ́ ohùn mi kí ẹ tó rí mi. Èmi ni Ìkúnayọ̀, ọmọ Ìlàjẹ, Ìyá Patience. Ẹja gbígbẹ àti edé ni mò ń tà. Ẹni tó bá ní ẹja mi wọ́n jù, kó yáa múra èsì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara mi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Ràhímù ni, ẹlẹ́wà ọmọ Ṣakí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, ọkùnrin tí mo rò pé mo mọ̀ tinú-tẹ̀yìn.

Ràhímù kì í pariwo. Ní Warri, níbi tí ẹni tó ń ta iyọ̀ pàápàá ń ké bíi pé ilé ń jó, Ràhímù á jókòó sórí àpótí rẹ̀, á gbé atẹ lé itan, á máa ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Bí oníbàárà bá ní, "Oga, how much last?", á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tún iye tó kọ́kọ́ sọ sọ. Bí oníbàárà bá bínú lọ, á ní, "Ọlọ́run á pèsè òmíràn." Lọ́pọ̀ ìgbà, oníbàárà tó bínú lọ yẹn náà ló máa ń padà wá, torí pé ẹ̀wà Ràhímù kì í ní òkúta, agolo dèríkà tó fi ń wọn ẹ̀wà kò sì tẹ̀ wọnú nísàlẹ̀ bíi tàwọn kan tí mi ò ní dárúkọ.

Bàbá rẹ̀ ló kó wọn wá láti Ṣakí. Bàbá tèmi fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa wá láti etí òkun lọ́hùn-ún. Warri ni àwa méjèèjì dàgbà sí. À ń sọ Píjìn bí ẹni mu omi, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dùn wá dọ́kàn, Yorùbá la fi ń sọ ọ́. Tirẹ̀ ń dún bíi ti ará Ọ̀yọ́, tèmi ń dún bíi ti ará omi, a sì máa ń fi ìyẹn ṣe ara wa ní yẹ̀yẹ́. Á ní, "Ìyá Patience, èdè yín yìí, ẹja nìkan ló gbọ́ ọ." Èmi náà á ní, "Ẹ̀yin ará òkè, tí ẹ rò pé inú ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n ti ń bí ẹja!" Inú wa á dùn, ọjà á máa lọ.

Nǹkan kan wà láàárín wa tó ti pẹ́. Bí Ràhímù bá ti ìrun Jímọ̀ dé, Sàlíhátù ìyàwó rẹ̀, tó bí Ramlah fún un, á ti dín àkàrà sàráà. Ràhímù á pín in fún gbogbo àwọn tó yí i ká, abọ́ tèmi ló sì máa ń kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, abọ́ aláwọ̀ ewé kan tó ní ìdérí. Ìyá tó bí mi kò kọ́ mi kí n dá abọ́ olóore padà lófìfo. Ẹja ni mo máa ń fi sí i kó tó padà. Orí ẹja àti ìrù rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti Adúmáradán nìyẹn.

Adúmáradán ni ológbò Ràhímù. Ó dúdú láti imú dé ìrù, ó ń dán bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Inú gọ́tà ni Ràhímù ti rí i nígbà òjò kan, ó kéré, ó tutù, gbogbo ọjà ń sọ pé kó jù ú nù. Ràhímù fi aṣọ tó fi ń nu ojú wé e. Àwọn àgbà ní bí ológbò bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Láti ọjọ́ tí Adúmáradán ti gba ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sí èkúté tó tún fi ẹ̀wà Ràhímù jẹun. Orí àpò ẹ̀wà ló máa ń sùn, tí á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí olówó.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa kórìíra ológbò dúdú. Ó sọ ọ́ lórí pẹpẹ pé ilé tí ológbò dúdú bá ti ń wọlé-wọ̀de, kí onílé gbàdúrà gidi. Mo rẹ́rìn-ín sínú aṣọ mi lọ́jọ́ náà. Ológbò tó ń jẹun lọ́wọ́ mi, àjẹ́ ibo ló fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ló mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ.

Ìgbà òjò ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rí i pé Adúmáradán kì í jẹ orí ẹja tán mọ́. Á gbóòórùn rẹ̀, á lá a díẹ̀, á yíjú kúrò. Mo ní, "Ṣé o ti wá di ọlọ́lá ni?" Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fò sórí tábìlì mi, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ kí n fọwọ́ pa á nínú bó ṣe máa ń ṣe, ni mo bá rí ikùn rẹ̀. Haà! Irun ti lọ. Kò ku ẹyọ kan láti abẹ́ àyà dé itan. Kò sí egbò, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí èépá. Awọ ibẹ̀ kàn ń dán ni, bíi pé ẹnì kan fi òróró pa á, tó tún fi aṣọ nù ún.

Morákinyọ̀ tó ń ta sálúbàtà wà nítòsí. Ọkùnrin yìí, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ kan, á bí mẹ́wàá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ikùn ológbò, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n! Omi gbígbóná nìyí." Ó wá gbójú sókè, ó wo sítóòfù mi níbi tí kẹ́tùrù tíì mi ti ń hó, kò sì sọ nǹkan kan mọ́. Èyí tí kò sọ yẹn ló pa mí.

Kí n tó palẹ̀ ọjà mọ́, ọ̀rọ̀ ti yí ká. Wọ́n ní ìyá ẹlẹ́ja ti da omi gbígbóná sí ológbò dúdú Ràhímù, torí pé wòlíì rẹ̀ ní àjẹ́ ni. Àwọn kan tiẹ̀ ń yìn mí! Obìnrin oníyọ̀, tó máa ń gé orúkọ Patience kúrú, ní, "Mama Pay, you try. That kind cat no good." Mo ní, "Try kí ni? Kí ni mo ṣe?" Bí mo ṣe ń pariwo tó ni wọ́n ń rò pé mo jẹ̀bi tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín, ariwo wọn kò dùn mí púpọ̀. Ẹni tí à ń bá nájà là á wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ràhímù ni mò ń wò, Ràhímù kò sì wò mí. Bí mo bá kí i láàárọ̀, á dáhùn, ojú rẹ̀ á wà nílẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ dé, ó ti ìrun dé, kò gbé àkàrà wá. Mo ní bóyá ara Sàlíhátù ni kò yá. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e tún dé, mo ń wo ọ̀nà bí ọmọdé, kò sí àkàrà. Abọ́ aláwọ̀ ewé tó gbé wá kẹ́yìn ṣì wà lọ́dọ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Mo ti fọ̀ ọ́, mi ò sì mọ ohun tí mo máa fi ṣe.

Èyí tó wá bu iyọ̀ sí i ni ti ìkórè. Ẹgbẹ́ obìnrin wa fẹ́ se ẹ̀wà fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni wọ́n sì ní kí n lọ rà á. Ọ̀dọ̀ ta ni mo máa lọ bí kò ṣe ọ̀dọ̀ Ràhímù? Mo gbé ìgbéraga tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sọdá.

Ó ní, "Kò sí ẹ̀wà."

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àpò ẹ̀wà tò jọ dé àjà. "Bàbá Ramlah, kí wá ni ìyẹn?"

"Kì í ṣe títà."

"Fún kí ni? Fún wíwò?"

Ó wo ilẹ̀. "Ìyá Patience, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Mo ti bá èèyàn jà nínú ọjà yìí débi tí aṣọ fi ya. Ẹni tó bá bú mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kí n má ra ọjà òun, báwo ni wọ́n ṣe ń bá a jà? Mo padà sídìí ẹja mi, mo jókòó, omi sì bọ́ lójú mi. Èmi Ìkúnayọ̀! Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an ni. Gbogbo ọdún tí a ti jọ ń jẹun yìí, ó gbà pé mo lè gbé kẹ́tùrù kí n da omi gbígbóná sí ẹran tó ń sùn.

Mo rí Sàlíhátù ní Ekurede-Urhobo, ará àdúgbò kan náà ni wá. Mo ní, "Ìyá Ramlah, kí ni mo ṣe fún ọkọ yín?" Obìnrin náà ní òun náà kò mọ nǹkan tó ń ṣe é. Kì í jẹun dáadáa mọ́. Ọkọ òun ní kí òun má dín àkàrà mọ́, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ológbò nìkan ló ń tọ́jú. Ó ti fi òrí pa á, ó ti fi ọṣẹ dúdú àti imí-ọjọ́ wẹ̀ ẹ́, irun kò hù, ológbò sì ń rù sí i.

Patience ọmọ mi ló wá sọ̀rọ̀ gidi. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ajamimogha. Yorùbá yé e bí omi, ṣùgbọ́n Píjìn ló fi ń dá mi lóhùn. Ó ní, "Mama, one animal doctor dey near our office. Carry the cat go. If na hot water, she go know. If no be hot water, she go still know."

Mo ní, "Ó parí." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Ràhímù, mo gbọ́wọ́ lé ìbàdí. "Bàbá Ramlah, ẹ gbé ológbò yín. Ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ. Ẹ ò ní ba orúkọ mi jẹ́ kí ẹ tún jókòó." Mo ti múra ìjà, ṣùgbọ́n ó kàn dìde ni. Ó wá páálí kan, ó dá ihò sí i, ó tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, ó gbé Adúmáradán sí i jẹ́jẹ́. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ọlọ́pàá wá mú.

Ilé ìwòsàn ẹranko náà wà ní òpópónà kan tó dákẹ́ ní Ajamimogha, lábẹ́ igi máńgòrò. Dókítà Adébùkọ́lá lorúkọ obìnrin náà, ó wọ awò, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Mi ò tilẹ̀ kí i tán tí mo fi ní, "Dókítà, wọ́n ní mo da omi gbígbóná sí ológbò yìí. Ẹ wò ó, kí ẹ sọ fún wọn."

Ó ní, "Màmá, ẹ jókòó ná."

Ó gbé Adúmáradán sórí tábìlì, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ìka méjì mú irun tó kù ní itan rẹ̀, ó fà á díẹ̀. Irun náà tú sí i lọ́wọ́ bí ìgbà tí èèyàn fa koríko lórí ilẹ̀ tútù. Adúmáradán kò ké, kò yọ èékánná. Dókítà wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti sán wẹ́wẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́ níkùn díẹ̀díẹ̀, ó sì pẹ́ lórí ibì kan.

Ó ní, "Kì í ṣe omi gbígbóná. Omi gbígbóná á bó awọ, á dá egbò, á fi àpá sílẹ̀. Awọ yìí kò bó rárá."

Mo fò dìde. "Bàbá Ramlah, ṣé ẹ gbọ́?"

Ó ní, "Mo gbọ́." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí dókítà, ó ní, "Dókítà, ṣé kì í ṣe nǹkan tó wọnú rẹ̀? Bí oúnjẹ, tàbí nǹkan mìíràn?"

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Ta ló ń fún ológbò náà lóúnjẹ ní gbogbo ọjà yẹn bí kò ṣe èmi? Omi gbígbóná ti bọ́ sílẹ̀, ó tún gbé ẹja mi dìde! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, dókítà gbọ́wọ́ sókè. Ó ní gbogbo ẹ̀ ni òun máa wò. Ó ha awọ ikùn náà díẹ̀, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Kò rí làpálàpá, kò rí kòkòrò awọ. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún.

Ó ní, "Mo ti kà nípa irú ikùn báyìí nígbà tí mo wà nílé ìwé. Mi ò fojú rí i rí. Ẹ jẹ́ kí n ya àwòrán inú rẹ̀."

Ẹ̀rọ ayàwòrán kan tí kò tóbi ló gbé wá. Ó ní wọ́n máa ń kọ́kọ́ fá irun ibẹ̀ ni. Ti Adúmáradán kò nílò fífá, irun ti lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó gbé nǹkan náà lé e níkùn, àwòrán jáde, ó ń ṣe kùrùkùrù bíi tẹlifíṣọ̀n tí kò rí ìkànnì mú. Dókítà fi ìka han wá. Ó ní ẹran kan wà lẹ́yìn agbẹ̀du, ó gùn, ó sì tẹ́, páńkíríà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ nínú. Èèyàn ní in, ológbò ní in. Kókó kan wà lórí ti Adúmáradán, àwọn àmì tótòtó kan sì wà lórí ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Ràhímù ní, "Kókó kí ni?"

"Bàbá, mi ò ní sọ ohun tí mi ò tíì rí dájú." Ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ lára kókó náà, ó ní òun máa fi ránṣẹ́ sí Bíní kí àwọn tó mọ̀ ọ́n wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ tó lágbára. Ràhímù tún bi í léèrè ìbéèrè kan náà ká tó jáde. Nǹkan tó wọnú rẹ̀ ńkọ́? Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, kálukú fara ti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Páálí Adúmáradán ló wà láàárín wa.

A wá ń retí èsì. Láàárín àkókò yẹn, ológbò náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé à ń jà. Bí Ràhímù bá gbé e dé ṣọ́ọ̀bù, á fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún rìn sọdá, jẹ́jẹ́, á wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì mi nítòsí sítóòfù, níbi tó móoru. Èmi tí mò ń bínú, mo máa ń re edé sínú omi, màá fi ìdérí ike gbé e síwájú rẹ̀. Á lá a díẹ̀. Ràhímù á dúró lódìkejì, á máa wò wá. Kò gbé e kúrò. Mo ń rò ó nínú ara mi pé, bí ọkùnrin yìí bá gbà pé ẹja mi ló ń pa ológbò òun, kí ló dé tí kò gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi?  Mo kàn ń bínú lọ, torí pé ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Dókítà pè wá, Ràhímù sì tún gbé Adúmáradán sínú páálí, a jọ lọ. Nígbà tí a débẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fa àga fún wa, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dáa.

Ó ní, "Jẹjẹrẹ ni. Inú páńkíríà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Kò wọ́pọ̀ láàárín ológbò, ọ̀pọ̀ dókítà ẹranko ò ní rí i títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì. Ibi tí ojú kò tó ló máa ń wà, ṣùgbọ́n lára ológbò díẹ̀, awọ ikùn ló máa ń sọ fún èèyàn. Irun á tú, awọ á máa dán. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé làpálàpá ni, tàbí pé nǹkan ló jó o. Kì í ṣe omi, Màmá. Kì í ṣe ẹja. Kò sẹ́ni tó ṣe é."

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún Ràhímù bí orúkọ mi bá mọ́ lórí omi àti lórí ẹja, ó gbóná, ó ní ata. Mo yíjú sí i. Kò wò mí, dókítà ló ń wò.

Ó ní, "Dókítà, oògùn kòkòrò ńkọ́?"

"Oògùn kòkòrò wo?"

"Mo da oògùn kòkòrò sínú ẹ̀wà." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó wà nínú mọ́sáláṣí lọ. "Òjò ọdún yìí pọ̀, kòkòrò ń jẹ ẹ̀wà mi di ìyẹ̀fun. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Mi ò ṣe é rí. Mo wọ́n ọn sínú gbogbo àpò, mo pa ilẹ̀kùn dé. Orí àpò yẹn ni Adúmáradán ń sùn. Kí n tó ta èyíkéyìí nínú rẹ̀ ni mo rí ikùn rẹ̀. Mo ní èmi ni. Mo ní bí ó bá ṣe báyìí fún ológbò tó kàn sùn lé e, kí ló máa ṣe fún ọmọ tó bá jẹ ẹ́? Mi ò tà á mọ́. Nínú àpò yẹn náà sì ni a ti ń bu ẹ̀wà àkàrà ọjọ́ Jímọ̀." Ó wá gbójú sókè, ó wò mí. "Ìyá Patience, ẹ̀yin ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé e fún."



Dókítà ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Kò sì pọ́n ọn lé. Ó ní oògùn yẹn burú, ó lè pa odindi ìdílé, kó má fi sí oúnjẹ mọ́ láéláé, kó má sì jẹ́ kí àpò yẹn dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun ló mú ológbò náà ni, itọ́ á máa dà, ara á máa gbọ̀n, kò sì ní rí báyìí. Ó ní jẹjẹrẹ yẹn kò dúró de oògùn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí dókítà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo dá sí i. Mo ní, "Bàbá Ramlah, ẹ mọ̀ pé èmi kọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ń gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pè mí ní ẹni tó bó ológbò lómi gbígbóná."

"Mo ń gbọ́. Bí mo bá ní ẹ̀yin kọ́, wọ́n á bi mí pé ta wá ni. Ojú ń tì mí."

Inú bí mi. Mi ò ní purọ́ pé kò bí mi. Ó jẹ́ kí orúkọ mi lọ sínú ẹrẹ̀ kí tirẹ̀ lè wà létí odò. Ṣùgbọ́n mo tún ń wo ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn jókòó ti ẹ̀wà tí kò lè tà, tí ebi ń pa, torí kí n má baà jẹ májèlé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbínú àti àánú jọ ń jà nínú mi, mi ò mọ èyí tí màá dì mú.

Ó bi dókítà bóyá ológbò náà lè sàn. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Dókítà ní kò sí oògùn tó máa dé ibẹ̀ mọ́, pé ohun tó kù ni kí òun gún un lábẹ́rẹ́ tí á fi sùn tí kò ní jí mọ́, kó má jẹ̀rora sí i. Ràhímù gbé Adúmáradán jáde nínú páálí, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn." Ó fọwọ́ mú un lórí, èmi fọwọ́ mú un ní ẹsẹ̀ tó sán wẹ́wẹ́ yẹn. Ràhímù ní, "Bísímíláì." Adúmáradán mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún mí, ó dákẹ́. Ràhímù sunkún, kò bo ojú. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ekurede-Urhobo ló sin ín sí, ó fi aṣọ tó fi ń nu ojú wé e.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń tẹ́ ẹja lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo. Mo gbójú sókè. Ràhímù ni. Ó ti gun orí àpótí tó máa ń jókòó lé, fìlà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́.

"Make una hear me! No be hot water! Na cancer kill my cat, doctor don talk am! Mama Pay no do anything! Na me put insect poison for beans wey dey this shop. Make nobody buy am. Make nobody touch am!"

Ọjà Warri dákẹ́. Ẹ̀yin tó mọ Warri, ẹ sọ fún mi, ìgbà wo ni ọjà Warri dákẹ́ rí? Morákinyọ̀ mú sálúbàtà kan lọ́wọ́, ó gbàgbé láti gbé e sílẹ̀. Obìnrin kan tó ń bọ̀ wá ra ẹ̀wà yí padà lójú ẹsẹ̀. Ràhímù sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó ń mí gúlegúle. Ó ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ṣe fún ọjà rẹ̀, ó sì sọ ọ́.

A kó àwọn àpò náà lọ sí ibi ìdalẹ̀nù, a fi ọ̀bẹ ya wọ́n, a da kẹrosíìnì sí i kí ẹnikẹ́ni má baà lọ ṣà á, a sì sun ún. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo bú u bí a ṣe ń ṣe é. Mo ní, "Ará òkè aláìgbọ́n, kòkòrò lásán ni ẹ ń sá fún!" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Patience." Mo bú u títí ó fi rẹ̀ mí.

Ó ra ẹ̀wà tuntun. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Àwọn èèyàn á kọjá, wọ́n á tọ́ka sí i, wọ́n á lọ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, bóyá lọ́wọ́ ẹni tó da oògùn sí tirẹ̀ tí kò sọ. Ràhímù á jókòó, á gbé atẹ lé itan, á máa ṣa òkúta. Ojú rẹ̀ kò wà nílẹ̀ mọ́. Mo ń wò ó láti ibi tí mo wà.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Mo fa abọ́ aláwọ̀ ewé náà jáde lábẹ́ tábìlì. Mo kó ẹja sínú ewé, àwọn tó dáa jù, mo fi sí i, mo sọdá nígbà tí ọjà kún gan-an. Mo rí i pé Morákinyọ̀ ń wò, obìnrin oníyọ̀ náà ń wò. Mo ní, lóhùn rara, "Bàbá Ramlah, ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀wà yín."

Ó gbé atẹ náà síwájú mi. Mo fọwọ́ tú u. Kòkòrò dúdú kékeré kan jáde láti abẹ́ ẹ̀wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ lórí atẹ. Láyé ìgbà kan, Ràhímù ì bá ti fi èékánná mú un jù nù kí oníbàárà tó rí i. Lọ́jọ́ náà, ó jẹ́ kó máa rìn.

Ó ní, "Ó wà láàyè, Ìyá Patience."

Mo ní, "Mo rí i." Mo kó ẹja mi jáde lé e lọ́wọ́, mo na abọ́ náà sí i. "Ẹ wọn dèríkà méjì fún mi."